Ọdún Tí Ẹ̀bùn Di Bùsúyì

Etí ni mo fi ń rántí ilé wa ní Òde-Ayé ju ojú lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ọ̀bẹ Ìyé á ti máa ha èéfín dúdú kúrò lára púpurú, ẹ̀gẹ́ rírẹ tí wọ́n mọ roboto, tó ti ń yan lórí ààrò láti ọjọ́ méjì, kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́, títí funfun inú rẹ̀ á fi yọ. Ìyé ni àwa ń pe màmá wa, bí àwọn ọmọ Ìkálẹ̀ ayé ọjọ́un ṣe ń pe tiwọn. Lẹ́yìn náà Bàbá á húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kì í lé, kì í dín, á gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, á jáde. Ọ̀mọlé ni Bàbá mi, Mákanjú lorúkọ rẹ̀, òun ló fẹsẹ̀ tẹ amọ̀ tí wọ́n fi mọ ìdajì àwọn ilé àdúgbò wa. Bí ó bá ti lọ tán ni orin àwọn obìnrin ẹkù á gba ẹ̀yìnkùlé. Ẹkù ni kòtò tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ inú rẹ̀, tí wọ́n ń da ẹyìn sísè sí, tí àwọn obìnrin á káṣọ sókè, tí wọ́n á wọ inú rẹ̀ lọ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí epo á fi jáde. Ìyé-àgbà, ìyá tó bí Bàbá, ni olórí wọn. Òun á dá orin: «Rọra tẹ̀ ẹ́, epo ń bọ̀.» Wọ́n á gbè é: «Ẹyìn ò ní sá lọ, ẹsẹ̀ la fi ń bẹ̀ ẹ́.» Báyìí ni mo ṣe mọ ayé sí lọ́mọdé: ẹsẹ̀ ọkùnrin wà nínú amọ̀, ẹsẹ̀ obìnrin wà nínú epo. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sára ògiri, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣì í.

Ẹ̀gbọ́n mi Ẹ̀bùn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó kú nígbà òjò tó kọjá yìí. Níbi ìsìnkú, wọ́n ka ìtàn ayé rẹ̀: wọ́n ní ó bímọ márùn-ún, wọ́n ní ó ṣe alága ẹgbẹ́ àwọn ìyá, wọ́n ní kì í pẹ́ dé ìsìn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo jókòó sórí àga oníke yẹn, mo ń retí kí wọ́n dé orí ọdún kan, wọn ò dé ibẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kí n rí ẹni tí mo lè fi ìgúnpá gún pé, «Ẹ ò sọ ti Bùsúyì,» kò sí ẹnì kan. Gbogbo wọn ti lọ. Èmi Wùmí nìkan ló kù nínú àwọn tó sùn nínú ilé yẹn. Kíláàsì kẹrin ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, ọwọ́ mi ò yá, ṣùgbọ́n bí èmi ò bá kọ ọ́, yóò bá mi lọ ni.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ tó ṣáájú ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn ọ̀dọ́ máa ń ṣe eré nínú kíláàsì gígùn ilé ìwé. Tíṣà Akínbòdé ló ń kọ ọ́. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, eré ẹlẹ́rìn-ín ló kọ, nípa bàbá kan tó ní ẹkù ńlá, tó búra pé ọkùnrin kankan ò ní wọ agboolé òun, kí wọ́n má baà rí ọmọbìnrin òun. Ni ọ̀dọ́kùnrin kan, Lájídé, tó fẹ́ràn ọmọ náà, bá ró ìró, ó wé gèlè, ó ní Àṣàkẹ́ lorúkọ òun, ó wá gba iṣẹ́ ẹkù. Ó tan bàbá, ó tan gbogbo ilé, àfi ìgbà tí wọ́n ní kó bọ́ sínú ẹyìn. Bí ọkùnrin ṣe ń tẹ amọ̀ ló ṣe tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ ló tú u fó.

Ọkùnrin ló ń ṣe gbogbo rẹ̀ o, ti ọkùnrin àti ti obìnrin. Alàgbà Jọ́náà, olórí àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ti là á sílẹ̀: ọmọbìnrin tó bá dúró lórí ìtàgé, ojú gbogbo ayé ti rìn lára rẹ̀, ta ni yóò wá fẹ́ ẹ? Nítorí náà, àwọn ọmọkùnrin ní láti kọ́ bí obìnrin ṣe ń ṣe, àgbàlá wa sì ni ilé ẹ̀kọ́ wọn, nítorí ibẹ̀ ni aṣọ wà, ibẹ̀ ni ẹkù wà, ibẹ̀ ni Ẹ̀bùn wà. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tò wọlé, gìrìpá gìrìpá tó ń gun ọ̀pẹ, wọ́n á gba ìró Ìyé, Ẹ̀bùn á sì máa fojú wọn gbolẹ̀. Bùsúyì ló ń ṣe Lájídé. Ó rẹwà, ó sì lóhùn, ṣùgbọ́n bó bá ti ró ìró, ńṣe ló ń rìn bí ẹni tí wọ́n dì mọ́ àkàbà.

«Bọ̀dá Bùsúyì, ṣé igi àjà lẹ gbé mì ni? Ẹ tẹ ìbàdí!»

«Mo ti tẹ̀ ẹ́.»

«Ikùn lẹ tì síwájú yẹn. Obìnrin tó bá rìn báyìí, agbẹ̀bí ni wọ́n máa sá lọ pè fún un.»

Ìyé-àgbà á máa rẹ́rìn-ín lórí àpótí rẹ̀, á ní, «Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ìró kì í sọni dobìnrin. Ohun tí ara ẹni ti ṣe títí tó mọ́ ọn lára, òun lèèyàn ń jẹ́.»

Ẹ̀bùn mọ gbogbo eré náà lórí, ti Lájídé, ti bàbá, ti olórí ẹkù. Bó bá ń gún iṣu, ẹnu rẹ̀ ń jẹ́ mẹ́ta. Nígbà kan, ó tẹ̀lé wọn dé kíláàsì, ó gun orí pátákó ìtàgé, ó ń fi hàn wọ́n, Bàbá sì ń kọjá lójú fèrèsé. Kò pariwo. Nídìí ọbẹ̀ ẹja lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó ní, «Ẹ̀bùn, bí mo bá tún rí ẹsẹ̀ rẹ lórí pátákó yẹn, Akotogbo lo ń lọ. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi lo máa gbé, wàá máa bá wọn tẹ epo níbẹ̀, ibẹ̀ lo ti máa rọ́kọ.» A mọ̀ pé Mákanjú kì í sọ ohun tí kò ní ṣe. Akotogbo ò jìnnà lójú àgbà, ṣùgbọ́n nígbà yẹn, lójú tèmi, òpin ayé ni. Orí ẹní kan lèmi àti Ẹ̀bùn ń sùn.

Ó ku ọjọ́ méjì kí eré wáyé, Bùsúyì gun ọ̀pẹ, ó fi àdá kan ilé agbọ́n. Wọ́n ta á débi pé ojú rẹ̀ di pọ̀ǹgbà. Ìyá rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún un, ó kí i dáadáa, ó ní, «Ta lẹ̀ ń wá?» Tíṣà Akínbòdé wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, ó káwọ́ lérí.

«Eré ti kú.»

«Kò kú,» ni Ẹ̀bùn wí. Ó ń ṣa òkúta lára ẹ̀wà, kò tiẹ̀ gbójú sókè. «Mo mọ̀ ọ́n látòkè délẹ̀.»

«Mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n. Alàgbà Jọ́náà ńkọ́?»

«Ta ló ní ká sọ fún wọn? Bùsúyì tó ró ìró ni gbogbo ìlú ń retí. Bùsúyì tó kun páúdà, tó wé gèlè dé ìpéǹpéjú. Tíṣà, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ló máa ṣí gèlè wo abẹ́ rẹ̀?»

Mo rò pé Tíṣà yóò bá a wí. Ó ní, «Bí bàbá rẹ bá mọ̀ ńkọ́?»

«A jẹ́ pé mo lọ sí Akotogbo. Ṣùgbọ́n màá ti ṣe é ná.»

Ìṣòro kan ṣoṣo ló kù. Lájídé gbọ́dọ̀ tẹ ẹyìn bí ọkùnrin, Ẹ̀bùn ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ amọ̀. Láti ọmọ ọdún méje ni Ìyé-àgbà ti mú un wọ ẹkù. Nínú ẹkù, ẹsẹ̀ kì í gbéra tán. Ọmọ ìka ló ń ṣáájú, àtẹ́lẹsẹ̀ á yọ̀, ìdí á yí díẹ̀, ẹran ẹyìn á bó, èkùrọ́ ò ní fọ́. Ẹsẹ̀ Ẹ̀bùn mọ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbà obìnrin fi ń ya ọ̀nà fún un. Báwo lẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n?

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé omi, èmi náà gbé korobá kékeré, a lọ síbi tí Bàbá ti ń ṣiṣẹ́. A da omi sínú amọ̀. Èmi yí padà, Ẹ̀bùn dúró.

«Kí lo ń wò?» ni Bàbá bi í.

«Ẹsẹ̀ yín ni, Bàbá.»

Bàbá wo ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e fún un ni. Ó rẹ́rìn-ín. «Amọ̀ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ṣó o rí i? Ẹ̀yin ń bẹ ẹyìn. Amọ̀ ní tiẹ̀, gìgísẹ̀ ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀. Gbé e, kí orúnkún dé ìbàdí. Jù ú sílẹ̀. Hẹ̀n!» Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó tẹ̀ ẹ́ lọ, ó tẹ̀ ẹ́ bọ̀, hẹ̀n, hẹ̀n, lẹ́yìn ìṣísẹ̀ mélòó kan á fi èjìká nu imú, á tún máa lọ. Ó ṣàlàyé fún un títí oòrùn fi mú wa. N kò rí i kó sọ̀rọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí mo bá rántí rẹ̀ nísinsìnyí, àánú rẹ̀ ń ṣe mí: kò sẹ́ni tó dúró wo iṣẹ́ rẹ̀ rí. Ilé ni wọ́n máa ń yìn, wọn kì í yin ẹsẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ eré, èmi ni mo fi ọ̀já di àyà Ẹ̀bùn títí ó fi pẹrẹsẹ bí pátákó, lẹ́yìn náà la tún wá ki ọsàn méjì bọ inú bùbá rẹ̀, nítorí ọsàn ni Bùsúyì ń lò, gbogbo ìlú ló sì mọ̀ pé ọ̀kan máa jábọ́. Ẹ wo iṣẹ́ tí à ń ṣe: a bo ti obìnrin mọ́lẹ̀, kí ọkùnrin lè jáde, kí ọkùnrin náà lè di obìnrin. Ẹ̀rín pa wá débi pé páúdà ṣàn lójú rẹ̀, a tún un kùn.

Kíláàsì kún dẹ́nu. Àwọn ọkùnrin wà lápá ọ̀tún, Bàbá jókòó ti Alàgbà Jọ́náà tó wọ agbádá funfun báláú. Lápá òsì ni àwọn obìnrin ẹkù wà, Ìyé-àgbà gbé àpótí tirẹ̀ wá látilé. Bí Ẹ̀bùn ṣe yọ, ariwo ta: «Bùsúyì! Bùsúyì!» Ó rìn gẹ́lẹ́ bí Bùsúyì ṣe ń rìn, igi àjà nínú ìró. Mo gbọ́ tí Alàgbà Jọ́náà ń ṣàlàyé fún Bàbá pé, «Ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹ wo ọrùn yẹn, ọrùn ọkùnrin ni. Ọkùnrin ò lè ṣe bí obìnrin kó pé láéláé.» Bàbá mirí. Mo fi ìró mi bo ẹnu.

Ọsàn jábọ́ nígbà tó yẹ kó jábọ́. Ẹni tó ń ṣe bàbá ẹlẹ́kù bi í pé, «Àṣàkẹ́, kí nìyẹn?»

«Oúnjẹ ọ̀sán mi ni, Bàbá.»

«Ìkejì ńkọ́?»

«Ti alẹ́ ni.»

Kò sí nínú ohun tí Tíṣà kọ. Àwọn èèyàn ń lu bẹ́ǹṣì. Mo rí i pé Ẹ̀bùn ti gbé gbogbo ilé yẹn sí àtẹ́lẹwọ́.

Wọ́n wá gbé agbada ńlá tí wọ́n fi ń yan gàrí jáde, ẹyìn tí Ìyé-àgbà sè láàárọ̀ ló kún inú rẹ̀, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ibẹ̀ ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀bùn ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹyìn náà wọ àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo ẹ̀kọ́ amọ̀ bá fò lọ. Ọmọ ìka ṣáájú, àtẹ́lẹsẹ̀ yọ̀, ìdí yí. Ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ láti ọmọ ọdún méje, epo sì ń yọ létí agbada. Káyọ̀dé, ọmọkùnrin tó ń ṣe olórí ẹkù, ò mọ ohun tí yóò ṣe, ó sọ ọ̀rọ̀ tó kọ́: «Yéè! Ta ló ń tẹ ẹyìn bí ẹni tẹ amọ̀ yìí?»

Dẹ̀bọ́rà, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ẹkù, dìde. «Káyọ̀dé, ṣé ojú ń dùn ọ́ ni? Ẹsẹ̀ yẹn mọ́ ju tèmi lọ!»

«Òótọ́ ni!» ni àwọn tó kù wí.

Alàgbà Jọ́náà na ọrùn. «Níbo ni Bùsúyì ti kọ́ eléyìí?»

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyé-àgbà tẹ̀ síwájú lórí àpótí, ó ń wo ẹsẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́. Ó ti mọ̀. Èmi náà rí i pé bí ó bá tún tó ìṣẹ́jú kan, gbogbo ìlú á mọ̀. Ẹ̀bùn gbójú sókè, ó wá ojú Bàbá rí láàárín èrò. N kò mọ ohun tó rí níbẹ̀. Ó káwọ́ sẹ́yìn. Ó fi èjìká nu imú. Ó gbé orúnkún dé ìbàdí, ó sì jù ú sílẹ̀: «Hẹ̀n!»

Epo ta sí agbádá funfun Alàgbà Jọ́náà. «Hẹ̀n!» Èkùrọ́ ń fò. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ ké e láti ẹ̀yìn, «Mákanjú rèé!» gbogbo ilé bá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ẹni níbẹ̀ tí kò kọjá lẹ́bàá amọ̀ Bàbá rí, wọ́n mọ hẹ̀n yẹn, wọ́n mọ èjìká yẹn. Àwọn ọkùnrin ń sunkún ẹ̀rín, àwọn obìnrin di ara wọn mú. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Bàbá jókòó gan-an, ó ń wo ẹsẹ̀ náà. Ẹnì kan ṣoṣo láyé ló dúró wo òun ṣiṣẹ́ lánàá. Ó dìde.

Ẹ̀rín kú díẹ̀díẹ̀. Ó rìn lọ síwájú, ojú mi rí Akotogbo pátápátá, mo rí ẹní tí èmi nìkan yóò máa sùn lé. Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó ká ṣòkòtò sókè. Ó gun orí pátákó. Ọsàn tó kù láyà Ẹ̀bùn ń gbọ̀n.

«Bùsúyì!» ni Bàbá pè é, kí gbogbo èèyàn lè gbọ́.

«Bàbá.»

«O fi mí ṣẹ̀sín lójú ìlú.»

«Ẹ jọ̀ọ́, sà.»

«O ò tiẹ̀ ṣe é dáadáa. Ṣé báyìí ni mo ní kó o ṣe é? Gìgísẹ̀! Sún díẹ̀.» Ó sì ki ẹsẹ̀ bọ inú ẹyìn. Ọkùnrin, nínú ẹyìn! Àwọn méjèèjì káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n dojú kọ wá, hẹ̀n, hẹ̀n, wọ́n jọ fi èjìká nu imú lẹ́ẹ̀kan náà. N kò gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ mọ́ látìgbà náà. Ìyé dìde, ó ń fò. Ìyé-àgbà ń ké pé, «Ẹ ti fọ́ èkùrọ́ mi tán o! Ẹ ti ba ẹyìn mi jẹ́!»

Eré parí, Tíṣà ń pe àwọn òṣèré lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n wá gba àtẹ́wọ́. Nígbà tó pe Bùsúyì, ohùn kan dáhùn lójú fèrèsé. Bùsúyì fúnra rẹ̀ ni, kò lè fara mọ́ ilé, ojú rẹ̀ ṣì wú bí ẹ̀kọ. «Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyìn oníyìn fún mi. Ilé ni mo wà.»

Gbogbo ojú yí sórí ìtàgé. «Ta wá lèyí?» ni Alàgbà Jọ́náà bi.

Bàbá ló sọ ọ́. «Ọmọ mi ni. Ẹ̀bùn ni.» Ó na ọwọ́, ó tú gèlè náà fúnra rẹ̀, ṣùkú tí Ìyé di fún un sì yọ sí gbangba.

«Mákanjú! O sì mọ ohun tí a sọ!»

Ìyé-àgbà dìde lórí àpótí. «Alàgbà, gbogbo yín lẹ ti pàtẹ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ kó àtẹ́wọ́ yín padà ná, ká tó sọ ti òfin. Ẹ̀yin lẹ tún ń sọ pé ọrùn rẹ̀, ọrùn ọkùnrin ni, mo gbọ́ yín. Ṣé ó ṣì rí bẹ́ẹ̀?»

Alàgbà Jọ́náà wo ọrùn Ẹ̀bùn. Ó wo epo lára agbádá rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi, ọkùnrin yẹn le, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni burúkú. Ó gbìyànjú kí ẹ̀rín má jáde, ó jáde ní imú. Ó ní, «Ìyá, mo gbà. Ẹ jẹ́ kó gba àtẹ́wọ́ rẹ̀.» Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọmọbìnrin mẹ́rin ló wà nínú eré, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ Akotogbo nílé wa.

Ṣùgbọ́n ìrìn àtilé ìwé wálé lọ́jọ́ yẹn ni mo máa ń rántí kí n tó sùn nísinsìnyí tí Ẹ̀bùn ti lọ. Ẹyìn tó wà nínú agbada ò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì, àfi ká parí ẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Bàbá ní kí wọ́n gbé e ru òun. Àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, «Mákanjú, ìwọ lo wá ru ẹyìn?» Ó ní òun ló bà á jẹ́, òun ló ń rù ú. Ẹ̀bùn ń lọ níwájú, kò gbé nǹkan kan, ọwọ́ rẹ̀ ò mọ ibi tí yóò wà. Páúdà ṣì wà lójú rẹ̀, epo dé orúnkún rẹ̀. Láti ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ń jáde wá kí i, wọn ò pe Bùsúyì, wọn ò pe Àṣàkẹ́. «Ẹ̀bùn! Ẹ̀bùn ọmọ Mákanjú, o kú iṣẹ́ o!» Ó ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí a fi délé, ohùn tirẹ̀ gan-an ló sì fi ń dá wọn lóhùn.